Truecaller lọ́wọ́ ẹlẹ́ja: ọdún kan tí mo ti ń lò ó ní Ẹ̀pẹ́

Ẹja ni mò ń tà ní Ọjà Olúwo. Ẹni tó ń ta ẹja kò lè sọ pé òun ò ní í gbé nọ́ńbà tí òun ò mọ̀. Oníbàárà lè pè mí láti Lẹ́kkí, kó ní ẹnì kan ló fún òun ní nọ́ńbà mi, pé òun ń wá ọ̀bọ̀kún fún ìnáwó. Bí mi ò bá gbé e, ẹlẹ́ja ìsọ̀ kejì á gbé e. Ibi tí àwọn gbájúẹ̀ ti ń rí mi mú nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, tòun ti ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́ ni mo gbé ìpè. Ọkùnrin náà ní "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní báńkì mi lòun ti ń pè, pé wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì mi pa nítorí BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì fi ń mọ oníbàárà. Ohùn ẹ̀ tutù bíi ti ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ èèyàn. Ó ní kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù mi. Mo ti ka mẹ́ta kí ọmọ mi tó já fóònù gbà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí di alẹ́.

Ọmọ náà ló gbé Truecaller, áàpù tó ń sọ ẹni tó ń pè, sórí fóònù mi. Sweden ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2009. Orúkọ tí àwọn èèyàn mọ nọ́ńbà kan sí, àti ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ló ń kó jọ. Bí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá pè, orúkọ á yọ kí n tó gbé e. Bí àwọn tó ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn bá pọ̀, ojú fóònù á di pupa fòò. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, tí wọ́n ń bú mi ní ìdájí nítorí gbèsè aládùúgbò mi, pupa báyẹn ni wọ́n ń yọ. Mo ń dí wọn pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara tù mí gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ o. Ó ń fẹ́ dátà kó tó lè wá orúkọ. Sáìmù tuntun kì í sábà ní orúkọ níbẹ̀. Bó bá sì kọ "báńkì", ẹ má gbà á gbọ́: orúkọ téèyàn fúnra rẹ̀ fẹ́ ló lè fi síbẹ̀. Báńkì kan kì í béèrè OTP, ìyẹn irú nọ́ńbà tí ọkùnrin yẹn ní kí n kà, tàbí PIN. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí nọ́ńbà tirẹ̀ wà níbẹ̀ lè ní kí wọ́n yọ ọ́ lórí ìkànnì wọn.

Ti àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tí nẹ́tíwọ̀kì ń fi ránṣẹ́ rọrùn: ẹ tẹ STOP ránṣẹ́ sí 2442 tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù, là sílẹ̀. Kò lè dá gbájúẹ̀ dúró ní tirẹ̀, torí láìnì tí gbogbo wa ń lò làwọn náà fi ń pè.

Nọ́ńbà tí orúkọ rẹ̀ kò bá yọ, mo ṣì ń gbé e. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè: "Ẹ káàárọ̀ o, irú ẹja wo lẹ fẹ́?" Oníbàárà á dáhùn lójú ẹsẹ̀.