Awò 10x tí mo fi ń wo fọ́tò táńkì Ròmáníà: oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí mo rà á

Pọ́n-ùn 24 ni mo ra awò yìí. Kò tóbi ju ife kékeré lọ. Ìdí rẹ̀ jẹ́ dígí pẹrẹsẹ tí wọ́n fín ìlà mìlímítà sí, iná funfun kékeré kan wà lára rẹ̀, ó sì ń sọ ohun tí a bá gbé e lé di ńlá ní ìlọ́po 10. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ń fi í ṣe: láti dá táńkì àwọn ará Ròmáníà mọ̀ nínú fọ́tò Ogun Àgbáyé Kejì.

Bí ẹ bá fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo fóònù, mo kọ́kọ́ lò ó. Ní ọjà àlòkù kan níbí ní London, mo ra fọ́tò méje nínú àpò ìwé kan, irú fọ́tò pélébé, sẹ̀ǹtímítà 6 sí 9, tí àwọn ọmọ ogun Jámánì máa ń yà fún ara wọn. Ẹni tó tà á ní táńkì Jámánì ni gbogbo rẹ̀. Áàpù kan wà lórí fóònù mi tó ń tún fọ́tò àtijọ́ ṣe. Mo gbé fọ́tò àkọ́kọ́ sí i, kò pẹ́ tó fi mọ́ kedere: táńkì kan, àgbélébùú funfun tó gún régé, irú ti Jámánì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bá kọ "Jámánì, 1941" sára ọ̀rá tí mo fi dì í.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni awò dé. Mo gbé e lé fọ́tò yẹn kan náà, àyà mi já. Àgbélébùú tí mo rí yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí áàpù fi hàn mí. Apá rẹ̀ kò gé pẹrẹsẹ lórí. Ó fẹ̀, ó sì ní àlàfo bíi lẹ́tà M. M mẹ́rin ni wọ́n so pọ̀ tó di àgbélébùú. Mihai ni M yẹn, orúkọ ọba ọ̀dọ́ tó gorí ìtẹ́ Ròmáníà lẹ́ẹ̀kejì ní September 1940. Àmì rẹ̀ ni wọ́n ń kùn sára táńkì àti ọkọ̀ òfuurufú wọn nígbà tí wọ́n bá Jámánì kọlu Sófíẹ́ẹ̀tì ní 1941. Áàpù yẹn ò mọ Mihai. Ibi tí kò hàn, ohun tó wọ́pọ̀ ló fi dí i. Ojú olójú ò lè jọ ojú ẹni.

Ní báyìí, ẹsẹ̀ táńkì, ìyẹn àwọn àgbá tó ń yí lábẹ́ rẹ̀, ni mo kọ́kọ́ máa ń kà kí n tó wo àmì rárá. Lábẹ́ awò, ẹsẹ̀ kéékèèké 8 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan táńkì tèmi yìí. R-2 nìyẹn, orúkọ tí Ròmáníà fún táńkì LT vz. 35 ti Škoda, ilé iṣẹ́ kan ní Czechoslovakia. 126 ni wọ́n bèèrè fún ní 1936. T-38, táńkì míràn tí Ròmáníà lò, ní ẹsẹ̀ ńlá 4. R35 ti Faransé ní 5, òun ni ìtàn rẹ̀ sì máa ń dùn mí jù: 41 ló wá láti Faransé, ṣùgbọ́n 34 jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun Pólàǹdì tí wọ́n gbé wọn sá wọ Ròmáníà ní September 1939, nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílé. Nígbà tí ẹ bá rí R35 nínú fọ́tò, ẹ rántí pé ó lè jẹ́ ọkọ̀ asásálà.

Ẹsẹ̀ nìkan ò tó ṣá o. Táńkì Škoda yẹn kan náà ni Jámánì gbà lọ́wọ́ Czechoslovakia tó pè ní 35(t). Slovakia àti Bulgaria náà lò ó. Àmì ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí eruku bá ti bo àmì, ẹ wo akoto àwọn tó dúró tì í: akoto Ròmáníà jẹ́ irú ti Holland, kò ní igun létí bíi ti Jámánì. Lójú lásán, èèyàn kan tó ga ní mìlímítà 8 nínú fọ́tò kò ní akoto kankan tẹ́ ẹ lè dá mọ̀.

Fọ́tò kẹta ló gba àsìkò mi jù. Ọkọ̀ kékeré kan ń fa ìbọn, irin róbótó méjì yọ lórí rẹ̀ bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, níbi tí awakọ̀ àti ẹnìkejì rẹ̀ ti ń yọrí. Ilé iṣẹ́ Malaxa ní Bucharest ṣe 126 irú rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ Renault, bẹ̀rẹ̀ láti 1939. Jámánì sì kó ti Faransé lọ púpọ̀ ní 1940, wọ́n jọra bí ìbejì. Kò sí àmì lára rẹ̀. Mo yí fọ́tò náà padà, mo gbé awò lé ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí ojú pẹ́ńsù tí ẹnìkan ti pa rẹ́: "Rumänen", ìyẹn "àwọn ará Ròmáníà" ní èdè Jámánì. Mo pariwo nínú yàrá.

Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Iná rẹ̀ ń kọ mànà lórí fọ́tò tó ń dán, tó fi jẹ́ pé ńṣe ni mo máa ń pa á, tí mo sì ń jókòó ti fèrèsé. Ibi tó ń rí lẹ́ẹ̀kan náà kéré, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Bákan náà, kò wúlò fún àwòrán inú ìwé ìròyìn: àmì tótótó ni ẹ máa rí. Èyí sì ràn mí lọ́wọ́, torí méjì nínú méje yẹn kún fún tótótó, ẹ̀dà inú ìwé ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìkan ni awò kankan ò lè yanjú. Fíìmù míràn láyé ìgbà yẹn máa ń sọ pupa di dúdú, á sì sọ búlúù di funfun, nítorí náà ẹ má fi dúdú àti funfun búra.

Màá tún rà á bí èyí bá sọnù. Mo ṣì ń wá fọ́tò TACAM R-2, ọkọ̀ ìbọn Ròmáníà tó gun ẹsẹ̀ 8 yẹn kan náà ṣùgbọ́n tó gbé ìbọn 76.2 mm ti Sófíẹ́ẹ̀tì, tí orí rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Nǹkan bíi 20 péré ni wọ́n ṣe ní 1944, ọ̀kan ṣì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ológun ní Bucharest. Ní ti fọ́tò àkọ́kọ́, mo ti pa ohun tí mo kọ sára ọ̀rá rẹ́. "R-2, Ròmáníà" ló wà níbẹ̀ báyìí. Àyè ọdún, mo fi sílẹ̀ lófìfo.