Ọdún méjì tí mo fi Scribus to ìwé ní Kàbà: ọ̀rọ̀ àwòrán nìkan ló fẹ́ lé mi nídìí ẹ̀

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ìwé títò ni mò ń ṣe ní Kàbà: ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ìjọ, ìwé ìrántí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Òkun mọ̀ pé bí Ọjọ́rú bá ti lè lé, oorun tán, torí òkú tí wọ́n máa sin lọ́jọ́ Jímọ̀ kì í dúró de kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń fi Scribus, ètò kọ̀ǹpútà kan fún ìwé títò, ṣe é. Ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀rọ̀ àwòrán ni mo fẹ́ sọ. Ìyókù, màá kàn fọwọ́ bà á kọjá ni.

CorelDRAW lèmi náà fi kọ́ṣẹ́, bíi gbogbo wa. Ẹni tó bá ti fi Corel to ìwé olójú-ewé 40 rí mọ bó ṣe ń rí. Àwòrán tẹ́ ẹ bá gbé wọlé, inú fáìlì náà ló ń wọ̀, àfi tẹ́ ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ yàn án pé kó wà níta. Àwòrán mẹ́wàá, kò sí wàhálà. Tó bá di àádọ́ta, láptọ́ọ̀pù á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, tẹ́ ẹ bá ní kó fi iṣẹ́ pa mọ́, ẹ lè jẹ iyán tán kó tó ṣe tán. Kí iná má kàn lọ lásìkò yẹn ni. Mo mọ̀ pé InDesign ni bàbá fún irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n láti 2013 tí Adobe tó ni ín ti sọ ọ́ di ohun tí èèyàn ń sanwó fún lóòrèkóòrè, èmi tí oníbàárà máa ń san náírà fún, tí òmíràn á fi iṣu kún un, kí ni mo fẹ́ bá dọ́là fà? Scribus ò gba kọ́bọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Ẹ̀dà 1.6.0 tó jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mi ò tètè mọ̀ ni pé Scribus kì í gbé àwòrán mì. Ẹ ya férémù, ìyẹn àpótí tí àwòrán máa jókòó sí, sójú ìwé, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tọ́ka sí fáìlì àwòrán, àwòrán á yọ. Ẹ ó rò pé ó ti wọlé. Kò wọlé o, àdírẹ́sì ẹ̀ ni Scribus kọ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú, mo fi ètò ìkọ̀wé lásán ṣí fáìlì .sla kan wò, ìyẹn fáìlì tí Scribus ń fi iṣẹ́ pa mọ́ sí, torí ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n ń pè ní XML ni, èèyàn lè kà á. Láàárín gbogbo wúruwùru yẹn ni mo ti rí PFILE="aworan/baba_ipo.jpg". Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa àwòrán bàbá náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ fódà kan tó ń jẹ́ aworan, wàá bá a níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé olójú-ewé 40 kì í fi í wúwo, tí kì í sì í gbà mí ní ìṣẹ́jú àáyá méjì láti fi pa mọ́.

Àwòrán bàbá yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀. Olóyè kan ní Bùnú ló papòdà, àwọn ọmọ ẹ̀ sì fẹ́ kí aṣọ ìpò hàn dáadáa nínú ìwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Bùnú mọ aṣọ yẹn, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú olóyè. Ibi mẹ́ta ni mo gbé àwòrán náà sí: iwájú ìwé, ojú-ewé 9, àti ẹ̀yìn. A tẹ ẹyọ kan wò, àkọ́bí gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, aṣọ bàbá mi kì í ṣe aláwọ̀ ata gbígbẹ." Òótọ́ ló sọ, pupa náà ti ṣú. Ká ní Corel ni, tí mo ti gbé e wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ǹ bá ti tún un ṣe. Mo tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí férémù, mo yan Edit Image, GIMP, ètò tí mo fi ń tún àwòrán ṣe, ṣí i, mo tan iná sí pupa náà díẹ̀, mo fi pa mọ́ sórí fáìlì kan náà. Mo padà sí Scribus, mo ní Update Image. Iwájú, àárín, ẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀ yí padà. Àkọ́bí ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kàn ní ó ti dáa báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ Ajé kan.

Ìwé ìrántí ẹgbẹ́ ìlú kan ni, ojú-ewé 64, àwòrán 58. Akọ̀wé ẹgbẹ́ gbé fúláàṣì wá lọ́jọ́ Sátidé, mo fi í bọ kọ̀ǹpútà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwòrán tààrà látinú fúláàṣì náà. Ọ̀lẹ ni mo ṣe, mi ò da nǹkan kan kọ sórí láptọ́ọ̀pù. Ìrọ̀lẹ́ Sunday, akọ̀wé gba fúláàṣì ẹ̀, ó dìde, ó lọ. Láàárọ̀ Ajé, ọmọṣẹ́ mi ṣí iṣẹ́ náà kí n tó dé, ó sì pè mí lórí fóònù: "Ọ̀gá, ẹ máa bọ̀ o. X pupa ló kún inú ìwé." Mo bá férémù 41 tí orúkọ fáìlì nìkan wà nínú wọn. Ó ṣe tán, 17 tó kù ló ti wà lórí láptọ́ọ̀pù tẹ́lẹ̀.

A bẹ akọ̀wé, ó fi fúláàṣì rán ọlọ́kadà. A fi í bọ kọ̀ǹpútà, X ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wo ohun tó fà á. Bí àwòrán bá wà nítòsí ìwé, lórí dírááfù kan náà, Scribus á kọ àdírẹ́sì ẹ̀ bí ẹni ń júwe ilé fún aládùúgbò, "ya sápá òsì, wọ fódà yẹn." Ṣùgbọ́n tó bá wà lórí dírááfù mìíràn ní Windows, kò sí ọ̀nà tó gba ibẹ̀ lọ, ó di dandan kó kọ gbogbo ẹ̀ látorí lẹ́tà dírááfù. Lọ́jọ́ Sátidé, E ni fúláàṣì yẹn ń jẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, fúláàṣì tèmi ti gba E, tiẹ̀ wá di F. Scribus ń kan ilẹ̀kùn E, ẹni tó ń wá ti kó lọ sí F. Ká ní mo yọ tèmi kúrò, kí n tún ti akọ̀wé kì bọ̀ ọ́, ó ṣeé ṣe kó yanjú lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí mo máa ronú kan ìyẹn, mo ti rìn jìnnà.

Mo ti wọ Manage Images, tó wà lábẹ́ Extras. Ibẹ̀ ni gbogbo àwòrán inú ìwé ti ń jókòó pọ̀: àwòrán kékeré wọn, ojú-ewé tí wọ́n wà, fódà wọn, àti bí wọ́n ṣe mọ́ tó. Bọ́tìnnì Search wà níbẹ̀. Ẹ ó fi fódà kan hàn án, ẹ ó ní kó wọ inú àwọn fódà kéékèèké tó wà nínú ẹ̀, á wá fáìlì tó jẹ́ orúkọ kan náà, ẹ ó yàn án. Ó ń ṣiṣẹ́. Ìjà mi pẹ̀lú ẹ̀ ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. 41 ni mo wá, ìgbà 41 ni mo sì ṣe é. InDesign ní ohun tí wọ́n ń pè ní Relink To Folder, tẹ́ ẹ fi máa júwe fódà lẹ́ẹ̀kan, tí á sì wá gbogbo wọn fúnra ẹ̀. Mi ò jowú InDesign lórí nǹkan mìíràn bí èyí.

Orúkọ náà tún kó mi sí wàhálà. Ayàwòrán méjì ló ya ayẹyẹ ọ̀hún, kámẹ́rà àwọn méjèèjì sì sọ àwòrán wọn ní DSC_0012. Search mú méjèèjì jáde, ojú mi ti ń rẹ̀, mo yan èyí tí ọwọ́ mi bá. Àwọn ìyá tó ń ro ọkà nídìí ààrò ló bọ́ sórí "Alága Ẹgbẹ́ Wa". Ọlọ́run ló ní kí n yẹ ìwé yẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé ní Ìlọrin. Látìgbà náà, kò sí àwòrán tó ń wọ inú iṣẹ́ mi tí mi ò kọ́kọ́ sọ lórúkọ tuntun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Linux, ẹ rántí pé JPG àti jpg kì í ṣe ọ̀kan náà lọ́dọ̀ tiyín. Ibi tẹ́ ẹ ti lè sọ fún Search pé kó má ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí wà níbẹ̀, ẹ máàkì í.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síbòmíràn, ẹ má fi .sla nìkan ránṣẹ́. Mo ṣe é rí, atẹ̀wé pè mí, ó ní òfìfo ni mo fi ránṣẹ́ sí òun. Collect for Output wà lábẹ́ File: á da ìwé náà àti gbogbo àwòrán ẹ̀ kọ sínú fódà kan, á sì kó fọ́ǹtì mọ́ ọn tẹ́ ẹ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. PDF ni mo máa ń fi ránṣẹ́ báyìí ní tèmi, Collect ni mo fi ń pa iṣẹ́ mọ́ de ọdún tí wọ́n bá tún ní kí n wá tún un ṣe, torí ìrántí ọdún kìíní á ṣáà dé.

Kẹ́ ẹ tó gbé PDF jáde, Preflight Verifier á yọjú, á sọ àwòrán tó sọnù àti èyí tí kò mọ́ tó. Ẹ gbọ́ tiẹ̀. Bọ́tìnnì Ignore Errors wà níbẹ̀, èmi náà sì ti tẹ̀ ẹ́ rí ní aago méjì òru, ẹ má bi mí ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Àwòrán WhatsApp ló máa ń fẹ̀sùn kàn jù. Èyí tó sábà máa ń dé ọwọ́ mi gùn ní píksẹ́lì 1600. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ kún A4, kò ní tó píksẹ́lì 140 nínú íńṣì kan, bẹ́ẹ̀ 300 ni atẹ̀wé ń béèrè. Tí àwòrán yẹn bá máa dé 300, kò gbọ́dọ̀ gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 ààbọ̀. Mo ti wá ń bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi document, kì í ṣe bíi fọ́tò. Àwọn àgbàlagbà ò mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á ní kí n wá fi fóònù mi ya èyí tó wà lára ògiri.

Ti àmì ohùn, mo fẹ́ràn ẹ̀: láti ẹ̀dà 1.5.3 ni àmì orí àti ẹsẹ̀ ti ń jókòó síbi tó yẹ kí wọ́n jókòó, tẹ́ ẹ bá lo fọ́ǹtì gidi bíi Charis SIL. Orin ìjọ tí mo tò ní Yorùbá, kò sí ẹ̀yọ kan tó fò kúrò lórí ọ̀. Táblì títò ṣì ń fún mi ní orí fífọ́, ẹ ò sì lè fi í ṣí fáìlì InDesign lásán. IDML, irú fáìlì mìíràn tí InDesign lè gbé jáde, ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín.

Màá fún un ní méje nínú mẹ́wàá. Ọ̀kan lọ nítorí táblì, méjì nítorí Search ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹn. Fódà kan fún iṣẹ́ kan ni mo wá fi ń lò ó: ìwé nínú ẹ̀, fódà aworan nínú ẹ̀, lórí láptọ́ọ̀pù. Ọmọṣẹ́ mi ti kọ ọ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì: "Ẹ DÀ Á KỌ KẸ́ Ẹ TÓ TÒ Ó." Akọ̀wé ẹgbẹ́ kà á lọ́jọ́ tó wá gba ìwé ẹ̀, ó béèrè pé ta ni wọ́n ń bá wí.