Mùsùlùmí tàbí Bošnjak: Orúkọ Méjì fún Ẹ̀yà Kan

Nínú ètò ìkànìyàn ti 1971 ní Yugoslavia, orílẹ̀-èdè àtijọ́ tí Bosnia wà nínú rẹ̀, ìjọba gba àwọn Mùsùlùmí Bosnia láyè láti kọ "Mùsùlùmí" gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹ̀yà wọn. Ó sàn ju kí wọ́n fi ara wọn pe Serb tàbí Croat, àwọn ẹ̀yà mìíràn níbẹ̀, lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀sìn ni. Kí ni ẹni tí kì í kírun nínú wọn yóò wá jẹ́?

Inú orúkọ ilẹ̀ Bosnia ni Bošnjak ti jáde. Ní oṣù Kẹsàn-án 1993, nígbà tí ọ̀tá ṣì dó ti Sarajevo, olú ìlú Bosnia, àpéjọ wọn níbẹ̀ gba orúkọ náà padà. Àdéhùn Dayton ti 1995, tó parí ogun Bosnia, sì kọ ọ́ sínú òfin. Orúkọ Bošnjak yìí ni mo fara mọ́. Kí a má ṣáà pè é mọ́ Bosanac o: ìyẹn kan gbogbo ọmọ Bosnia, àti Serb àti Croat ibẹ̀.