Ìkìlọ̀: Lẹ́tà "ọ̀fẹ́" tí sọ̀fíyọ̀ ń fi ránṣẹ́ sí aládùúgbò yín

Lẹ́tà kan tó wọlé sí mi lánàá ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Màá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tó bá yá.

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ní ilé ní England tàbí Wales, pàápàá ẹ̀yin tí ilé yín àti ti aládùúgbò lẹ̀ mọ́ra, tẹ́ ẹ sì ń gbèrò láti fa ẹ̀yìn ilé gùn tàbí sọ abẹ́ òrùlé di yàrá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi ìwé kankan ránṣẹ́ sí káńsù. £3,360 ló bọ́ lọ́wọ́ èmi àti ọkọ mi kí ojú wa tó là.

Kì í ṣe sọ̀fíyọ̀ tí a mọ̀ nílé, èyí tó ń gbé ẹ̀rọ lé ẹsẹ̀ mẹ́ta tó sì ń ri píllà mọ́lẹ̀, ni mò ń sọ o. Ti ògiri àjọni yàtọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní party wall níhìn-ín. Òfin kan wà tó ń jẹ́ Party Wall etc. Act 1996. Ohun tó sọ ni pé bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan ògiri tí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ ní, tàbí ẹ fẹ́ mọ ògiri tuntun sórí ààlà, tàbí ẹ fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ tó jìn ju tiẹ̀ lọ láàárín mítà mẹ́ta sí ilé rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní nótíìsì. Oṣù méjì ṣáájú ni ti ògiri àjọni, oṣù kan ni ti ilẹ̀ gbígbẹ́. Bí kò bá gbà, tàbí tó dákẹ́ fún ọjọ́ 14 lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì yìí, òfin ka ìyẹn sí àríyànjiyàn, sọ̀fíyọ̀ ló sì máa kọ ìwé tó sọ bí iṣẹ́ náà yóò ṣe lọ. Award ni wọ́n ń pe ìwé yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

A fi ìwé sí káńsù pé a fẹ́ kọ́ ilé ìdáná sẹ́yìn, ká sì fi irin ru òkè láti rí yàrá kan sí i. Màmá ará Jàmáíkà kan ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn nìkan ló sì ń gbé. A máa ń kí ara wa dáadáa, èmi ni mo máa ń bá wọn ti garawa ìdọ̀tí wọn síta. Ojú ìyẹn ni mo fi wò ó. Mo ní tí iṣẹ́ bá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, màá yà lọ́dọ̀ wọn, ká sọ̀rọ̀ náà lórí ife tíì.

Mi ò mọ̀ pé ìwé téèyàn bá fi tọrọ àṣẹ ìkọ́lé, káńsù máa ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, tàdírẹ́sì tàwòrán ilé. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹni ń dẹ ìgbìn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí tiwa hàn tí lẹ́tà fi dé ọ̀dọ̀ Màmá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ìwé ìjọba. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí aládùúgbò wọn fẹ́ ṣe lè ba ilé wọn jẹ́, pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí sọ̀fíyọ̀ tiwọn, pé kò ní ná wọn ní nǹkan kan. Fọ́ọ̀mù wà nísàlẹ̀, àpòòwé tí wọ́n ti lẹ sítáǹbù mọ́ wà nínú rẹ̀. Màmá fọwọ́ sí i. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó ń dá gbé, tí àjèjì kàn kọ̀wé sí pé ilé rẹ̀ fẹ́ ya, kí ni kó ṣe?

Nígbà tí nótíìsì wa wá dé, sọ̀fíyọ̀ ọ̀hún ti bá wọn kọ èsì sílẹ̀ pé wọn kò gbà, pé òun ni wọ́n yàn. Wọ́n tún fọwọ́ sí ìyẹn náà. Àwa náà wá yan sọ̀fíyọ̀ tiwa.

Ẹ wo ibi tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ náà wà. Kò sí irọ́ kankan nínú lẹ́tà yẹn. Ẹ̀tọ́ Màmá ni lóòótọ́. Wọn ò ní san nǹkan kan lóòótọ́, torí ẹni tó ń kọ́lé ló sábà máa ń sanwó sọ̀fíyọ̀ tọ̀tún tòsì. Ohun tí àwọn tó kọ lẹ́tà náà fi pamọ́ ló pa wá. Wọn ò sọ fún Màmá pé tí wọ́n bá kàn kọ ọ́ pé àwọn gbà, kò sí ẹni tó máa nílò sọ̀fíyọ̀. Wọn ò sọ pé bí wọn ò tilẹ̀ gbà, ilé méjèèjì lè jọ yan ẹnì kan ṣoṣo, kó ṣe é láìṣègbè. Èyí tó burú jù ni pé wọn ò sọ fún wọn pé ìwé yẹn kò ṣeé fà ya. Ó wà ní abala kẹwàá òfin náà: ẹni tí ẹ bá ti fi ìwé yàn, ẹ ò lè yọ ọ́ mọ́. Àfi tó bá kú, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ bá ní òun kò lè ṣe é mọ́. Àwọn ọkọ tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ gan-an ṣeé lé jáde ju èyí lọ.

Bíìlì sọ̀fíyọ̀ Màmá wá dé. Wákàtí 14, £200 fún wákàtí kan, VAT lórí rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta gbáko ló ní òun fi wo àwòrán ilé kan tí kò fẹ̀ ju ọmọ ìka lọ. Ímeèlì tó kọ sí sọ̀fíyọ̀ wa, a sanwó rẹ̀. Èsì tí sọ̀fíyọ̀ wa kọ, a tún sanwó kíkà rẹ̀. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé owó sọ̀fíyọ̀ tiwa ṣì wà lọ́tọ̀ o. Mo bi sọ̀fíyọ̀ wa pé ṣé ti ẹnì kejì yìí kò pọ̀ jù, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn méjèèjì ń fi orúkọ àbísọ pe ara wọn.

Màmá gbọ́ iye tá a san, ńṣe ni wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, ọmọ mi. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni."

Mo ní láti jẹ́wọ́ ibi tí èmi náà ti ṣàṣìṣe. Òfin ní kí sọ̀fíyọ̀ méjèèjì yan ẹnì kẹta lójú ẹsẹ̀, third surveyor, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ní ẹ̀hónú lè gbé e lọ síwájú rẹ̀, owó náà wà lára ohun téèyàn lè gbé lọ. Mi ò béèrè orúkọ ẹni náà rí. Nígbà tí award jáde pẹ̀lú owó yẹn nínú rẹ̀, kóòtù ló kù, ọjọ́ 14 péré sì ni òfin fún wa láti pẹjọ́. Mo há ìwé náà sára fíríìjì. Bàbá ọkọ mi kú lọ́sẹ̀ yẹn, a sáré lọ sílé lọ sin wọ́n. Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn tí award dé la tó padà dé.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́lé, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kí ìwé yín tó dé káńsù. Kì í ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ mú àwòrán ilé dání. Ìwé pẹlẹbẹ tí ìjọba fi ṣàlàyé òfin yìí wà lórí gov.uk lọ́fẹ̀ẹ́, àpẹẹrẹ nótíìsì àti èsì wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé lẹ́tà kan lè wá. Bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n pé ògiri máa sán, ẹ jọ ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn ló ń fọkàn aládùúgbò balẹ̀ jù, mo rí i lójú Màmá nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí lẹ́tà kí nótíìsì yín tó dé, ẹ má sọ̀rètí nù. Ìgbà tí àríyànjiyàn bá ti wà ni òfin ní ká yan sọ̀fíyọ̀, nítorí náà àyè ṣì wà láti jókòó sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí èkejì, lẹ́yìn nótíìsì, ni kí ẹ ti sáré bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ "sọ̀fíyọ̀" fúnra rẹ̀. Nínú òfin yìí, ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà kì í bá ti ṣe tirẹ̀ lè jẹ́ sọ̀fíyọ̀. Òfin kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ kàwé fún un. Bíríkìlà yín lè ṣe é. Bó bá ní òun jẹ́ chartered surveyor, ìyẹn sọ̀fíyọ̀ tó gba ìwé ẹ̀rí, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì RICS, ẹgbẹ́ àwọn sọ̀fíyọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì gba iye owó tí kò ní yí padà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Bí sọ̀fíyọ̀ ti aládùúgbò bá ń ka wákàtí, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ wákàtí ọ̀hún nígbà tí award kò tíì jáde, ẹ sì ní ẹ fẹ́ kí ẹnì kẹta wò ó. Owó tó bọ́gbọ́n mu ni òfin sọ, kì í ṣe iye tó bá ṣáà wù wọ́n.

Àwọn kan máa ní kí ẹ rọra kọ́ ọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má dán an wò. Aládùúgbò lè gba àṣẹ kóòtù tó máa dá iṣẹ́ dúró nígbà tí ẹ ti ṣí òrùlé sílẹ̀ fún òjò.

Lẹ́tà tó wọlé sí mi lánàá ńkọ́? Aládùúgbò tó wà lọ́wọ́ òsì wa ló fẹ́ fa ẹ̀yìn ilé tiẹ̀ gùn. Kò tíì sọ fún mi, bí èmi náà kò ṣe sọ fún Màmá. Fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, àpòòwé àti sítáǹbù wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìjọ́sí. Mi ò fọwọ́ sí i. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ òní, màá mú un lọ bá a, ká jọ kà á.