Dúrójayé: àyẹ̀wò paladin inú Player's Handbook ọdún 2024

Paladin kẹta tí mo dá nínú eré Dungeons & Dragons ni mo sọ ní Dúrójayé, nítorí pé àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ kú kí wọ́n tó dàgbà. Ẹni tó bá mọ ìdí tí àwọn òbí wa fi ń sọ ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ìfọ́nnu. Inú Player's Handbook tuntun, ìwé òfin eré náà, tí ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni mo ti kọ́ ọ. Ìwé olójú ewé 384 ni, dọ́là 49.99 sì ni iye tí wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde. N kò ní yẹ gbogbo ìwé náà wò níbí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé tọ̀ ọ́ lọ: ṣé ó fún ènìyàn ní ohun tí yóò fi kọ́ paladin tí yóò pẹ́ láyé?

Fún ẹni tí kò tíì jókòó síbi eré yìí rí, eré ìtàn ni, orí tábìlì la ti ń ṣe é pẹ̀lú bébà, pẹ́ńsù àti dáìsì. Ẹnì kan jẹ́ olùdarí, òun ló ń ṣàlàyé ayé tí ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀, òun náà ló sì ń jà fún gbogbo ọ̀tá. Àwa yòókù, ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ló wà ní ìkáwọ́ wa. Ohunkóhun tó bá lè yọrí tàbí kó kùnà, dáìsì olójú 20 ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀. Paladin ni jagunjagun tó jẹ́jẹ̀ẹ́, tí agbára ẹ̀jẹ́ náà sì fún un ní ọfọ̀ àti ìwòsàn. Ọdún 1974 ni eré náà kọ́kọ́ jáde, paladin sì dé nínú ìwé àfikún kan ní 1975. Láyé ìgbà náà, ẹ̀dá ìtàn tí nọ́ńbà ìfanimọ́ra rẹ̀ (ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà tó ń sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn lè ṣe, bí agbára, okun ara àti ìyára) kò bá tó 17 kò gbọdọ̀ jẹ oyè paladin. Ìwé òde òní ti mú òfin yẹn kúrò. Àwa márùn-ún la ń ṣe eré tiwa ní alẹ́ Sátidé, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé mẹ́ta nínú wa ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí èmi àti àbúrò mi sì wà ní Ìbàdàn.

Paladin mi àkọ́kọ́ kú ní ìpele kejì. Mo fún un ní idà ńlá tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá mú, mo sì fi okun ara rẹ̀ sí 12 kí àwọn nọ́ńbà yòókù lè ga, nítorí náà ẹ̀mí tó ní, ìyẹn iye ìpalára tó lè gbà kó tó ṣubú, kò ju 18 lọ. Òmìrán tí ìwé ń pè ní ogre máa ń gba ẹ̀mí 13 ní ìpíndọ́gba bí kùmọ̀ rẹ̀ bá ba ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ba tèmi.

Ikú ẹnì kejì ló kọ́ mi lọ́gbọ́n, nítorí pé mo rò pé mo ti mọ ohun tó pa ẹni àkọ́kọ́. Mo fi ẹ̀wù irin bò ó láti ọrùn dé ẹsẹ̀, èyí tí iye rẹ̀ jẹ́ owó wúrà 1,500, tó sì gbé nọ́ńbà ààbò rẹ̀, èyí tí dáìsì ọ̀tá gbọ́dọ̀ bá kó tó lè bà á, dé 18. Mo fi asà kún un, ó di 20. Mo yan ọ̀nà ìjà tí wọ́n ń pè ní Defense, ó di 21. Ọ̀tá tó ní àfikún 7 láti fi kún ohun tí dáìsì bá fi hàn gbọ́dọ̀ ju 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí dáìsì kí idà rẹ̀ tó lè wọ ara irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìyẹn ìgbà méje péré nínú ogún. Inú mi dùn sí i bí inú ahun ṣe ń dùn sí ìkarahun rẹ̀. Ó dé ìpele 6 pẹ̀lú ẹ̀mí 52, kò sí idà tó rí ibi wọlé sí i lára. Lọ́jọ́ kan, oṣó kan dúró lókèèrè, ó pe ọfọ̀ Fireball. Iná kì í béèrè iye tí ènìyàn ra ẹ̀wù rẹ̀. Ìyára ara ni a fi ń yẹ̀ ẹ́, 8 sì ni ti paladin mi, nítorí pé mo kà á sí ohun tí kò wúlò fún ẹni tó wọ irin. Dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́jọ ni olùdarí ń jù fún ọfọ̀ yẹn, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 28. Oṣó náà pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó ṣubú ni n kò lè gbàgbé. Láti ìpele 6, paladin máa ń ní ohun tí ìwé pè ní Aura of Protection: òun àti ọ̀rẹ́ èyíkéyìí tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i yóò máa fi àfikún ìfanimọ́ra rẹ̀ kún gbogbo dáìsì tí wọ́n bá ń jù láti gba ara wọn là lọ́wọ́ májèlé, ọfọ̀, iná àti ẹ̀rù. Bí igi odán tó wà láàárín ọjà ló rí, gbogbo ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ ìgbádùn ibòòji rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí paladin bá ti dákú, ibòòji náà ti parẹ́ nìyẹn. Kí ìjà ọjọ́ náà tó parí, àwọn mẹ́ta tó sá sẹ́yìn mi ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé paladin tí kò tètè kú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ara ẹni: ẹ̀mí ẹni mẹ́rin ló so mọ́ ti ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo mọ̀ pé ohun mẹ́ta ni irú paladin bẹ́ẹ̀ nílò, tí ẹ̀wù irin sì jẹ́ èyí tó rọrùn jù láti rí nínú wọn; ẹ̀mí púpọ̀ àti ìfanimọ́ra tó ga ni a máa ń gbàgbé.

Níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ìwé tuntun yìí ti gba ìyìn lọ́wọ́ mi. Nínú ìwé ti 2014, ẹ̀dà tó ṣáájú èyí, ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ìtàn ní láti dúró di ìpele 4 kí wọ́n tó lè gba ẹ̀bùn Tough, èyí tó ń fi ẹ̀mí méjì kún ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yááfì àǹfààní láti gbé nọ́ńbà ara wọn ga kí wọ́n tó rí i gbà. Ní báyìí, ẹni tó bá mú iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìpìlẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹ̀dá ìtàn ń ṣe kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, yóò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìpele kìíní. Àgbẹ̀ tó jẹ́jẹ̀ẹ́ tó di jagunjagun tún jẹ́ ìtàn tó dára lójú mi ju ti ọmọ ọlọ́lá tí gbogbo ènìyàn máa ń mú lọ. Mo sọ Dúrójayé di aràrá, nítorí pé aràrá nínú ìwé yìí ń ní ẹ̀mí kan sí i ní ìpele kọ̀ọ̀kan, májèlé kì í sì í ràn wọ́n bó ṣe ń ran ẹlòmíràn. Pẹ̀lú àmì 27 tí ìlànà ríra nọ́ńbà fún wa láti ná, mo ra agbára 15, okun ara 14, ìfanimọ́ra 15 àti ọgbọ́n 10, mo fi ìyára àti òye sílẹ̀ ní 8. Ìpìlẹ̀ àgbẹ̀ wá gbé agbára àti okun ara dé 16. Bí ó ti dé ìpele 6, 76 ni ẹ̀mí rẹ̀. Fireball méjì tó pa ẹni ìṣáájú ìbá ṣì fi 20 sílẹ̀ fún un.

Mo ní ẹ̀sùn kan síbí yìí. Ìpìlẹ̀ 16 ló wà nínú ìwé náà, mo yẹ gbogbo wọn wò, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó gbé agbára, okun ara àti ìfanimọ́ra ga papọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ńbà mẹ́ta tí paladin ń gbé ayé lé nìyẹn. Àgbẹ̀ kò fi nǹkan kan kún ìfanimọ́ra. Ìpele 4 ni mo tó rí i gbé dé 16, nípasẹ̀ ẹ̀bùn Inspiring Leader. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn lè mú ọmọ ènìyàn dípò aràrá, nítorí pé ọmọ ènìyàn máa ń yan ẹ̀bùn ìbẹ̀rẹ̀ kan sí i, kí ó fi ìyẹn mú Tough, kí ó sì mú ọmọ ọlọ́lá ní ìpìlẹ̀. Ọ̀nà náà dára, okun ara nìkan ni yóò fà sẹ́yìn díẹ̀.

Àyípadà tó dá awuyewuye sílẹ̀ jù ni ti ìgbọ́wọ́lé àti Divine Smite, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ìgbọ́wọ́lé kò nílò àlàyé fún ẹni tó bá dàgbà nínú ìjọ Aládùúrà: paladin ní àkójọ ìwòsàn tó jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ìpele rẹ̀, yóò gbé ọwọ́ lé ẹni tó fara gbọgbẹ́, yóò sì bù fún un níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ó ń jẹ gbogbo ìṣe ẹni tán, débi pé ẹni tó bá ń wo ọgbẹ́ kò lè yọ idà. Ní báyìí ìṣe àfikún ni, ìyẹn ìṣe kékeré tí ènìyàn lè fi kún ìṣe rẹ̀ gan-an nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá kàn, nítorí náà Dúrójayé lè bá ọ̀tá jà tán, kó sì gbé ẹni tó dákú dìde ní àsìkò kan náà. Àmì kan péré ti tó láti jí ẹni tó dákú. Ẹ má ṣe fi mẹ́wàá ṣòfò níbi tí ẹyọ kan ti lè ṣiṣẹ́.

Ní ti Divine Smite, nínú ìwé àtijọ́, ìgbàkígbà tí idà bá ti wọlé ni paladin lè ná agbára ọfọ̀ rẹ̀ láti fi kún un, kò gba àsìkò kankan, ó sì lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá dé lẹ́ẹ̀kan. Ìwé tuntun sọ ọ́ di ọfọ̀ gan-an, ó ń gba ìṣe àfikún, oṣó lè pe Counterspell, ọfọ̀ tó ń fagi lé ọfọ̀, lé e, kò sì ṣeé ṣe níbi tí wọ́n bá ti pa ohùn mọ́. Ọ̀pọ̀ òṣèré ló kùn, èmi náà kùn pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo rí i pé paladin tó ń wá bí yóò ṣe tètè pa ọ̀tá ni wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó fẹ́ pẹ́ láyé kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù. Ìṣòro tó kàn mí yàtọ̀: Divine Smite, ìgbọ́wọ́lé àti ọfọ̀ Shield of Faith, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà kọjá, nítorí pé ìṣe àfikún kan péré ni ènìyàn ní. Bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, Shield of Faith ni mo máa ń kọ́kọ́ pè, nọ́ńbà ààbò 21 yóò di 23, ọ̀tá aláfikún 7 yóò wá máa wá 16 lórí dáìsì. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń fi ìṣe àfikún pamọ́ fún ọwọ́ ìwòsàn. Divine Smite di ohun tí mo ń lò nígbà tí dáìsì bá fi 20 hàn, tí gbogbo dáìsì ìpalára sì di ìlọ́po méjì, tàbí nígbà tí ọ̀tá bá ku díẹ̀ kó ṣubú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe lépa nọ́ńbà ààbò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí òfin kan nínú ìwé yìí tó ní kí òmìrán bá aláṣọ irin jà nígbà tí oníṣègùn tí kò wọ irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olùdarí wa kì í ṣe òpè. Bó bá rí i pé kò sí ohun tó ń wọ Dúrójayé lára, yóò fi í sílẹ̀, yóò sì kọjú ìjà sí àwọn yòókù. Ọfọ̀ kan wà, Compelled Duel, tó ń fa ọ̀tá mọ́ra, ṣùgbọ́n òun àti Shield of Faith jọ ń béèrè ìfọkànsí, a kò sì lè fi ọkàn sí méjì pọ̀. Ẹ fi ẹ̀mí àti ìfanimọ́ra ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ kò gùn. Mẹ́rin ló wà nínú ìwé, mo sì mú Oath of the Ancients. Ìwé àtijọ́ fún un ní agbára tó ń dín ìpalára gbogbo ọfọ̀ kù sí ìdajì, ti tuntun ti dín in kù sí oríṣi ìpalára mẹ́ta, iná kò sì sí nínú wọn. Ó dùn mí.

Ṣé kí ènìyàn ra ìwé yìí? Ẹni tó bá ń ṣe eré déédéé, kí ó rà á, nítorí pé àlàyé àwọn òfin tó wà lẹ́yìn ìwé nìkan ti fòpin sí ìdajì àríyànjiyàn wa ní Sátidé. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà tí owó ọkọ̀ àti dọ́là bá ń bà lẹ́rù, kí ó kọ́kọ́ gba àkójọ òfin ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2025. Paladin wà nínú rẹ̀, Defense náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ kan ṣoṣo ló ní, kò sì sí àgbẹ̀ tàbí Tough nínú rẹ̀.

Dúrójayé ti dé ìpele 9 báyìí, ẹ̀mí 112 ló ní, ìfanimọ́ra rẹ̀ sì ti di 18. Ihò dírágónì pupa kan tí kò tíì dàgbà ni a ó wọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo ti ka ìwé: iná ẹnu rẹ̀ ń gba ẹ̀mí 56 ní ìpíndọ́gba bí ènìyàn kò bá yẹ̀ ẹ́. Méjì rẹ̀ jẹ́ 112 géérégé. Ẹ̀mí ìgbà díẹ̀ 13 tí Inspiring Leader ń fún un ló wà láàárín.