Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Oorun Ọmọ Ìkókó ní Ibùdó Ìlera Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Nígbà tí ọmọ mi kejì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èmi àti ìyá ọkọ mi gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ibùdó ìlera àdúgbò wa, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti máa ń kọ́ àwọn òbí ní bí ó ṣe yẹ kí ọmọ tuntun máa sùn. Ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí mo yìn jù ni bí wọ́n ṣe dá àwọn ìyá àgbà lóhùn. Àwọn ni wọ́n ń wẹ ọmọ nílé wa, àwọn náà ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sùn, nítorí náà bí wọn kò bá gbà, asán ni gbogbo ohun tí a bá kọ́ ìyá ọmọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ pé kí a máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ òkè, lọ́sàn-án àti lóru, títí yóò fi pé ọdún kan, kíá ni ìyá ọkọ mi bi í pé, "Ọmọ mi, bó bá bi ọmú ńkọ́, ṣé kò ní há a lọ́fun?"

Nọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀ kí ó tó fèsì. Ó mú ọ̀pá rọ́bà méjì tí ó mọ́ gaara, ó gbé ọ̀kan lé èkejì, ó sì ṣàlàyé pé bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ni ó wà lókè, tí ọ̀nà oúnjẹ wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ohun tí ọmọ bá bì yóò ṣàn padà sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí wọn padà bí ọmọ tí ó dojú bolẹ̀, ó da omi díẹ̀ sí i, gbogbo wa sì rí ọ̀pá tí omi náà wọ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe.

Nọ́ọ̀sì náà gbà pé ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ máa ń sùn fọnfọn, ṣùgbọ́n ó ní oorun wíwúwo yẹn gan-an ni ewu, nítorí ọmọ kì í tètè ta jí bí èémí rẹ̀ bá ń dínà. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo níbẹ̀ ní 1994 pé kí ọmọ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ikú òjijì ọmọ lójú oorun dín kù tó nǹkan bí ìdajì láàárín ọdún díẹ̀. Ní ti orí pẹlẹbẹ tí àwọn ìyá wa ń bẹ̀rù, ó ní kí a máa dojú ọmọ bolẹ̀ nígbà tí ó bá lajú, tí a sì ń wò ó. Kò sí ìrọ̀rí, kò sí bèbí, kò sí fìlà òwú lójú oorun. Ti fìlà yìí ni ó nira jù fún wa lásìkò ọyẹ́.

Àléébù wà o. Wákàtí kan gbáko ni a fi dúró kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n sì kọ sára ògiri. Nígbà tí obìnrin kan sọ pé fóòmù kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́rin ń sùn lé, wọ́n kọ́kọ́ ní kí ó lọ ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ, àfi bí ẹni pé owó ń so lórí igi. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ni ó wá sọ pé kí ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ nítòsí fóòmù náà, kí ó na aṣọ kan ṣoṣo lé e, kí ó ki etí rẹ̀ sábẹ́ dáadáa, kí ó sì ta àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó. Ìmọ̀ràn yẹn ni ó yẹ kí wọ́n fi ṣáájú.

Lẹ́nu géètì, obìnrin kan ń ta bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí ìrọ̀rí mẹ́ta kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ìyá ọkọ mi dúró, ó tẹ ọ̀kan wò, ó sì béèrè bóyá yóò dára fún orúnkún òun.