Ọ̀mùtí àti adẹ́mu rẹ̀ nínú The Palm-Wine Drinkard

Amos Tutuola mọ bí èèyàn ṣe ń fara ti ẹlòmíì. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1952 yìí, kẹ́ẹ̀gì ẹmu 150 ni adẹ́mu ń dá láàárọ̀, 75 nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ọ̀gá ni kó máa mu ún. Bí adẹ́mu ṣe já láti orí ọ̀pẹ, tó sì kú, àwọn ọ̀rẹ́ ò yọjú mọ́. (Ẹmu tán, kí ni wọ́n ń wá?) Ọ̀mùtí bá gbọ̀nà ìlú àwọn òkú lọ láti wá adẹ́mu rẹ̀. Adẹ́mu ní òun ò lè bá alààyè padà mọ́, ó fún un ní ẹyin kan. Ibẹ̀ ló dùn jù. Àléébù kan: adẹ́mu kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, a ò mọ̀ bóyá òun náà fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì Tutuola rí wọ́gọwọ̀gọ; kà á sókè, wàá gbọ́ Yorùbá lábẹ́ rẹ̀.